Míhúráábù Inú Ilé Olódi

Ẹ̀pà wà lẹ́nu Àbdùlgàfárù nígbà tí ọ̀rọ̀ náà bá a. Ẹnu là, kò pa dé mọ́, ẹ̀pà sì ń já bọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan sórí àyà rẹ̀ bí omi òjò tó ń kán láti etí páànù.

Ẹ̀yin èèyàn mi, bíríkìlà kì í ṣàdédé lanu. Ọkùnrin tó ti re bọ́ látorí pákó pẹ̀tẹ́ẹ̀sì rí, tó dìde, tó gbọn yẹ̀pẹ̀ dànù lára, tó sì béèrè pé ta ló gbé tírówẹ́lì òun, kí ló tún kù láyé tó lè ya irú wọn lẹ́nu? Ṣùgbọ́n ní ọ̀sán Àlàrùbá yìí, ọmọdébìnrin ọmọ ogún ọdún kan ló dúró níwájú rẹ̀, nínú ilé tó fi ọdún mẹ́ta gbáko kọ́, ó na ìka sí ògiri tó fi ń yangàn jù, ó ní:

"Bàbá, ṣọ́ọ̀ṣì lẹ kọ́ síbí yìí."

Kò pariwo. Kò rẹ́rìn-ín. Ó sọ ọ́ bí ìgbà tí dókítà bá ń sọ fún èèyàn pé kó jókòó ná.

Kí ẹ tó mọ bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe wúwo tó, ẹ ní láti mọ ẹni tí wọ́n sọ ọ́ fún. Láti Pàkátà dé Òkè-Ìmálẹ̀, bí ẹ bá ní ẹ ń wá Àbdùlgàfárù bíríkìlà, wọ́n á bi yín pé èwo nínú wọn. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ní Gàfárù Onímíhúráábù, ọmọ ọdún mẹ́ta á fà yín lọ́wọ́ délé. Míhúráábù ni kòrò tó wọnú lára ògiri iwájú mọ́sálásí, níbi tí lèmọ́ọ̀mù máa ń dúró sí bó bá ń ṣíwájú ìrun. Mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni ọkùnrin yìí ti mọ kó tó kan ti ilé yìí. Bàbá rẹ̀ mọ tirẹ̀, bàbá bàbá rẹ̀ náà mọ tirẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé amọ̀ ni wọ́n ń fi mọ ọ́n. Ẹni ọdún méjìlélọ́gọ́ta ni. Kò ní mọ́tò, kò ní ilé kejì. Orúkọ yẹn ló ní.

Ẹni tó ni ilé ni Alhaji Muhammad Awwal Garba, ọmọ Gàmbàrí, tó ń ta táyà nítòsí Post Office. Ọdún mẹ́rin sẹ́yìn ló lọ kí Hamzah, àkọ́bí rẹ̀, nílùú òyìnbó. Hamzah mú un lọ wo ilé olódi kan, irú èyí tí wọ́n ń pè ní káásù: ilé òkúta tí ìjòyè ogun kan kọ́ ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rin ọdún sẹ́yìn, tí ilé ìṣọ́ gogoro yí i po, tí ògiri rẹ̀ sì nípọn débi pé mọ́tò lè sá lórí rẹ̀. Àwọn yòókù ń ya fọ́tò. Alhaji ń fi ìgbésẹ̀ wọn ilẹ̀. Ó ra ìwé pẹlẹbẹ kan tí wọ́n ya àwòrán ilé náà sí, ó gbé e bọ̀ ní Ìlọrin, ó ní irú ilé tí òun máa kọ́ nìyẹn, lẹ́yìn Tanke, lórí ilẹ̀ tí òun ti rà tipẹ́.

Ẹni tó ń ya àwòrán ilé ní Challenge fi fọ́tòkọ́pì fẹ̀ ẹ́ títí ó fi tó ẹní. Àwọn ọ̀rọ̀ òyìnbó wínníwínní tó wà létí rẹ̀ ń dí i lójú, ló bá gé wọn dànù. Àwòrán tí kò lọ́rọ̀ yẹn ni wọ́n gbé síwájú Àbdùlgàfárù. Ó wò ó títí. Ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì. Ló bá gbé ìka lé yàrá kan lápá ìlà-oòrùn, tí ògiri rẹ̀ tẹ̀ kọrọdọ síta.

"Alhaji, ẹ wo ibí. Kí lẹ rí?"

"Ògiri tó wọ́."

"Kò wọ́. Míhúráábù ni. Gábàsì ló sì kọjú sí. Ẹ tún wo agbada kékeré tí wọ́n gbẹ́ sára ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ wo ojú ihò tí omi ń gbà jáde. Kí lèèyàn ń fi ìyẹn ṣe bí kò bá ṣe àlùwàlá?" Ó gbójú sókè, omi ti lé ròrò sí i lójú. "Alhaji, Mùsùlùmí ni àwọn òyìnbó wọ̀nyí."

Alhaji ò lè sọ̀rọ̀. Bó ṣe wá rí ọ̀rọ̀ sọ, kò dákẹ́ mọ́. Ó sọ ọ́ ní ìsọ̀ táyà, ó sọ ọ́ níbi ìsọmọlórúkọ, ó sọ ọ́ fún ọlọ́pàá tó dá a dúró ní Challenge pé kó mú ìwé mọ́tò wá. Ó ní àwọn òyìnbó àtijọ́, ẹ má wò wọ́n báyìí o, Mùsùlùmí òdodo ni wọ́n, àwọn ọmọ wọn ló yàyàkuyà. Ẹni bá bi í pé ta ló sọ bẹ́ẹ̀, á ní Gàfárù Onímíhúráábù ni. Àríyànjiyàn á sì parí síbẹ̀.

Àbdùlgàfárù náà ò fi iṣẹ́ ṣeré. Ó mọ̀ pé gábàsì, ibi tí àwa tí a wà ní Ìlọrin ń kọjú sí kírun, kì í ṣe ìlà-oòrùn gan-an, ó ń yà díẹ̀ sápá àríwá. Míhúráábù ò sì gbọdọ̀ ṣìnà. Ló bá yí gbogbo ilé olódi náà lórí ilẹ̀, títí kòrò yẹn fi kọjú síbi tó yẹ. Ilé yí, géètì náà bá a yí. Géètì ńlá tó yẹ kó máa wo títì wá ń wo ẹ̀yìn ilé ìdáná Àlàó aládùúgbò. Bí wọ́n bá ń dín ẹja níbẹ̀, àlejò Alhaji á ti fi imú jẹun yó kó tó wọlé. Alhaji ní kò séwu, nítorí Ọlọ́run ni.

Ọmọdébìnrin tó wá na ìka sí ògiri yẹn, Saeedah ni, àbíkẹ́yìn Alhaji, tó ń kọ́ ìmọ̀ ìtàn ní yunifásítì, tó wọ kẹ̀kẹ́ láti ilé tó ń gbé ní Tanke wá wo bí iṣẹ́ ṣe parí. Ní Jímọ̀, ọ̀tunla, ni wọ́n máa ṣílé, ogójì àáfà ló sì ń bọ̀. Ó ti bá ìwé pẹlẹbẹ náà nínú àpótí bàbá rẹ̀, odidi, pẹ̀lú gbogbo ọ̀rọ̀ tí wọ́n gé dànù ní Challenge.

"Ẹ wò ó, Bàbá. Wọ́n kọ orúkọ yàrá yìí síbí. Ilé àdúrà àwọn Kìrìsìtẹ́nì ni. Inú ilé olódi ni wọ́n máa ń kọ́ ọ sí, kí olówó ilé àti àwọn ọmọ ogun rẹ̀ lè ríbi sìn."

"Wọ́n kọjú sí gábàsì."

"Ìlà-oòrùn làwọn náà ń kọjú sí. Wọ́n ní apá ibẹ̀ ni Jésù máa gbà padà wá."

"Àlùwàlá ńkọ́?"

"Fádà ló ń fọwọ́ níbẹ̀, tó sì ń ṣan ife tó fi ń sìn."

Àbdùlgàfárù fẹ́ jókòó, kò ríbi jókòó. Ó fẹ̀yìn ti ògiri. Ó rántí pé ògiri ọ̀hún gan-an ni, ó yára kúrò.

"Fèrèsé mẹ́ta yìí, atẹ́gùn ṣáà ni."

"Baba, Ọmọ, Ẹ̀mí Mímọ́."

"Ilé ìṣọ́ méjìlá?"

"Ọmọ ẹ̀yìn Jésù méjìlá. Ẹni tó kọ́ ọ ló ka iye wọn bẹ́ẹ̀, ó wà nínú ìwé."

"Bàbá rẹ ní oṣù inú ọdún ni."

"Mo mọ ohun tí bàbá mi ń sọ kiri, Bàbá."

Ó wá ku ojú ọfà. Ojú ọfà ni ihò tóóró tí wọ́n máa ń gbẹ́ sára ògiri ilé olódi, kí àwọn tafàtafà lè máa ta ọ̀tá látinú ilé. Nínú àwòrán yìí, ọ̀kan dúró, ọ̀kan dábùú rẹ̀. Àbdùlgàfárù mọ mẹ́rìnlélógún, kò fi ọ̀kan sílẹ̀, méjì sì wà nínú yàrá àdúrà yìí gan-an. Nígbà tó ń mọ wọ́n, Alhaji bi í pé kí lèyí. Ó ní lójú tòun, ó jọ àmì àròpọ̀ tí wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé. Inú Alhaji dùn. Ó ní kó fi wọ́n sílẹ̀ gbàgàdà, pé nínú ilé tòun, ríròpọ̀ ni, kò sí yíyọkúrò.

Bí Saeedah ṣe ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́, oòrùn yọ lẹ́yìn ìkùukùu. Ó gba ojú ọfà wọlé, ó sì tẹ́ àgbélébùú méjì gbọọrọ sórí táìlì funfun, ọ̀kan nínú wọn nà tààrà títí ó fi kan ẹsẹ̀ Àbdùlgàfárù. Ó fa ẹsẹ̀ kúrò bí ẹni tó tẹ ẹyin iná.

Ìgbà yẹn ló rántí Jóṣúà. Ọmọ Òmù-Àrán ni Jóṣúà, òun ló tẹ́ táìlì ibẹ̀, odidi oṣù méjì. Ní gbogbo ọ̀sán, á bọ́ fìlà, á dúró síwájú kòrò yẹn, á dijú. Àbdùlgàfárù ti rò pé ó ń sinmi ojú ni.

"Saeedah, ta ló tún mọ̀?"

"Èmi nìkan."

Ìwọ nìkan kọ́, Jóṣúà náà mọ̀, ni Àbdùlgàfárù rò nínú ara rẹ̀.

"Bò mí láṣìírí, ọmọ mi."

"Ẹ fẹ́ kí n purọ́ fún Kaka?"

Kaka ni wọ́n ń pe ìyá àgbà ní agbolé wọn ní Gàmbàrí. Hajiya Hadiza ni, ìyá Alhaji, ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rùn-ún. Ọdún mẹ́ta ni Alhaji fi bẹ̀ ẹ́ pé kó wá máa gbé lọ́dọ̀ òun, ọdún mẹ́ta ló fi kọ̀ jálẹ̀, ó ní òun ò bá wọn gbé ilé tó ní orí méjìlá. Ọjọ́ tó gbọ́ pé Gàfárù Onímíhúráábù ti fọwọ́ ara rẹ̀ mọ ibi àdúrà ilé náà parí ló tó gbà. Ó ní òun ń bọ̀, ṣùgbọ́n òun ni òun máa kọ́kọ́ forí kanlẹ̀ níbẹ̀, kí àáfà kankan tó wọlé.

"Mi ò ní kí o purọ́," ni Àbdùlgàfárù wí. "Mo ní kí o dákẹ́. Bí Kaka rẹ bá gbọ́, kò ní wá mọ́. Bàbá rẹ á wólé. Èmi ńkọ́?" Ó wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì. "Ta ló tún máa gbé mọ́sálásí fún mi mọ, èmi tí mi ò mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí ṣọ́ọ̀ṣì?"

Saeedah wò ó pẹ́. Ó pa ìwé náà dé.

"Ọ̀la nìkan lẹ ní, Bàbá."

Ní Àlàmísì, Àbdùlgàfárù ní kí gbogbo lébírà lọ sinmi. Lébírà tí ọ̀gá bá ní kó lọ sinmi lọ́jọ́ iṣẹ́, ara á fu ú. Wọ́n dúró lẹ́nu géètì fún ìgbà díẹ̀, bóyá ó ń dán wọn wò ni, kí wọ́n tó rọra bá tiwọn lọ. Òun nìkan po símẹ́ńtì, òun nìkan gbé e. Ó dí apá ọ̀tún àti apá òsì gbogbo ojú ọfà, ó ku ihò tóóró tó dúró ṣánṣán. Ó fi búlọ́ọ̀kù dí fèrèsé kẹta. Ó fi símẹ́ńtì kún agbada ẹ̀gbẹ́ ògiri títí ó fi dọ́gba. Ní ti ilé ìṣọ́ méjìlá, kò sóhun tí èèyàn lè rí ṣe sí wọn láàárín ọjọ́ kan, àfi kó kọ́ ìkẹtàlá.

Ohun kan ṣoṣo ló ń jẹ ẹ́ lọ́kàn, ìyẹn ni ìjẹ́rìí. Nínú ìdílé wọn, ọjọ́ tí wọ́n bá máa kọ́kọ́ kírun níwájú míhúráábù, ẹni tó mọ ọ́n gbọ́dọ̀ dúró tì í, kó sọ fún ẹni tó fẹ́ forí kanlẹ̀ níbi tó ti rí yanrìn, níbi tó ti rí omi, ọwọ́ ẹni tó mọ ọ́n, àti ibi tí àwòrán rẹ̀ ti wá. Bàbá rẹ̀ ní iwájú orí ọmọ èèyàn kì í kan ohun tí kò mọ̀. Ìgbà mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Àbdùlgàfárù ti jẹ́rìí, ìgbà mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló sì ti sọ òótọ́. Ó wá ń ronú pé lọ́la, láàárín ogójì àáfà, ariwo á pọ̀, òun á yára dárúkọ yanrìn, òun á yára dárúkọ omi, ẹnì kan á ṣáà fi àsàláátù gbà á lẹ́nu òun kí òun tó débi àwòrán.

Àláásárì kù díẹ̀ kó tó nígbà tó parí. Ó rìn sẹ́yìn, ó wo iṣẹ́ náà. Ẹni tí kò bá mọ̀ tẹ́lẹ̀, kò lè mọ̀ láéláé. Ó mí kanlẹ̀.

Ló bá gbọ́ fèrè mọ́tò.

Alhaji ló kọ́kọ́ wọlé, nínú agbádá funfun tí sítáàṣì ti mú kó le gbagidi. Hajiya Hadiza tẹ̀ lé e pẹ̀lú ọ̀pá, ó tún kọjá rẹ̀. Saeedah wà lẹ́yìn, ó gbé ẹní lọ́wọ́. Kò wo ojú Àbdùlgàfárù.

"Alhaji, mo rò pé ọ̀la la dá."

"Ẹ bi Hajiya. Mo ń ta táyà jẹ́ẹ́jẹ́ mi ni wọ́n ránṣẹ́ pè mí."

"Ọ̀la, ohùn àwọn àáfà ò ní jẹ́ kí Ọlọ́run gbọ́ tèmi," ni Hajiya wí. "Mo ti ṣe àlùwàlá nílé. Ibo ló wà?"

Wọ́n mú un wọ yàrá náà. Ó dúró, ó wo òkè, ó wo ilẹ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ kan ògiri. Ó ní ó tutù níbẹ̀. Saeedah tẹ́ ẹní. Ìyá àgbà bọ́ sálúbàtà, ó gbé ẹsẹ̀ kan sórí ẹní, ó bá dúró.

"Ó yá, Àbdùlgàfárù. Jẹ́rìí."

"Hajiya, mo ti dá a sí ọ̀la, lójú àwọn àáfà."

"Ṣé àwọn àáfà ló máa kọ́kọ́ forí kanlẹ̀ ni? Ọmọdébìnrin ni mí lọ́jọ́ tí bàbá rẹ jẹ́rìí fún bàbá mi. Ó dárúkọ kànga. Ó dárúkọ kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ tó ru amọ̀. Mo ṣì mọ orúkọ kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ náà. Jẹ́rìí, kí àkókò má lọ."

Àbdùlgàfárù rìn lọ síbi kòrò náà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wúwo bí ìgbà tí èèyàn bá wọ bàtà símẹ́ńtì. Ó kọjú sí wọn.

"Yanrìn rẹ̀, odò Asà la ti kó o. Omi rẹ̀, kànga inú ọgbà yìí ni. Ọwọ́ tó mọ ọ́n, ọwọ́ èmi Àbdùlgàfárù ni, mi ò jẹ́ kí lébírà kan fọwọ́ kàn án. Àwòrán rẹ̀..."

Ó dúró. Hajiya ń dúró. Alhaji ń rẹ́rìn-ín músẹ́, nítorí ibi tó fẹ́ràn jù nínú ìtàn náà ló kàn. Saeedah tẹjú mọ́lẹ̀. Àbdùlgàfárù la ẹnu láti sọ pé ìlú òyìnbó ni. Kì í ṣe irọ́. Wọ́n kúkú mú un wá láti ìlú òyìnbó. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ bọ́ sára ẹsẹ̀ Hajiya tó wà lórí ẹní.

"Àwòrán rẹ̀, inú ṣọ́ọ̀ṣì la ti mú un."

Alhaji bú sẹ́rìn-ín. Ó rò pé àwàdà ni. Ó wo ojú Àbdùlgàfárù, ẹ̀rín náà sì kú sí i lẹ́nu nígbà tí kò tíì ju ìdajì lọ.

Ìyókù tú jáde bí ìgbà tí ẹ̀rọ omi bá já. Ó sọ ti kòrò, ó sọ ti ibi àlùwàlá tí kì í ṣe ibi àlùwàlá, ó sọ ti fèrèsé mẹ́ta. Ó sọ ti ojú ọfà mẹ́rìnlélógún tó fi gbogbo òwúrọ̀ dí. Ó ní Saeedah fẹ́ sọ ọ́, òun lòun ní kó dákẹ́. Nígbà tó débi Jóṣúà, Alhaji wá ibi jókòó, kò rí nǹkan kan, ló bá jókòó sórí àpò símẹ́ńtì tòun ti agbádá funfun. Ọkùnrin tí kì í jókòó sórí àga tí wọn ò tíì nù.

"Saeedah."

"Bàbá mi."

"Ihò òkè géètì tí mo gbé kámẹ́rà sí ńkọ́?"

"Ère Màríà ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, pé kó máa ṣọ́ ẹni tó ń wọlé."

"Kámẹ́rà náà ń ṣọ́ wọn," ni Alhaji wí, bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lójú oorun. "Mo ti sọ ọ́ fún gbogbo ayé. Mo sọ ọ́ fún ọlọ́pàá."

Gbogbo ojú ti lọ sára Hajiya Hadiza, tó ṣì gbé ẹsẹ̀ kan sórí ẹní, tí ìkejì wà lórí táìlì.

"Saeedah, àwọn tó kọ́ tàkọ́kọ́, Ànábì Ísá ni wọ́n ń tẹ̀ lé?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Kaka."

"Ihò tí wọ́n gbẹ́ bí àgbélébùú yẹn, kí ni wọ́n ń fi ṣe?"

"Ọfà ni wọ́n ń ta gba ibẹ̀. Àwọn kan ní àmì ẹ̀sìn wọn ni. Àwọn kan ní kò rí bẹ́ẹ̀, pé kí tafàtafà lè máa rí ọ̀tún òun òsì ni."

"Ṣùgbọ́n ọfà ń gba ibẹ̀ kọjá."

"Ó ń gba ibẹ̀."

Ìyá àgbà rọra jókòó sórí ẹní. Ó ya òun náà lẹ́nu, ojú rẹ̀ fi hàn, àmọ́ kì í ṣe ibi tí àwọn yòókù rò.

"Wọ́n á gbàdúrà nínú yàrá yìí, wọ́n á jáde, wọ́n á wá gba ojú ohun tí wọ́n fi ń rántí Ọlọ́run ta ọmọ ọlọ́mọ lọ́fà." Ó mi orí. "Àwa náà ò kúkú sàn jù wọ́n lọ. Àwọn ogun tí bàbá mi ń ròyìn fún wa, bísímílà ni wọ́n fi ń gun ẹṣin lọ." Ó yíjú sí Àbdùlgàfárù. "Pé òyìnbó ló ya á, ìyẹn ò dùn mí. Ṣùgbọ́n láti àárọ̀ lo ti ń dí ihò. O fẹ́ kí n gbé iwájú orí mi lé ohun tí o fi pamọ́ fún mi."

Àbdùlgàfárù ti dọ̀bálẹ̀. "Orúkọ mi ni mò ń bò, Hajiya."

"Mo mọ̀. Orúkọ bàbá rẹ náà ni. Wó o."

"Hajiya?"

"Míhúráábù yẹn. Wó o."

Nílé Àlàó, wọ́n ń fọ abọ́ lọ. Saeedah kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá àgbà. "Kaka, ọ̀la ni ìṣílé. Wọ́n ti rẹ́ ẹ, wọ́n ti kùn ún."

"Mo gbọ́. Kó wó o, kó tún un mọ lójú mi, kó mọ ohun tó ń mọ lọ́tẹ̀ yìí."

Mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Àbdùlgàfárù ti mọ láyé rẹ̀, kò wó ọ̀kan rí. Ó gbé òòlù. Ó wo Alhaji, bóyá olówó ilé á dá a dúró. Alhaji ń wo ilẹ̀. Òòlù àkọ́kọ́ ṣe kẹ́ẹ́kẹ́ lásán, bí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn àna rẹ̀. Ìkejì gbá. Ìkẹta, ọ̀dà funfun là, eruku dìde, gbogbo wọn bẹ̀rẹ̀ sí í húkọ́, àfi Hajiya, tó ní kí wọ́n gbé ẹní òun jáde kí àláásárì má bàa kọjá. Orí òkìtì yanrìn tó ṣẹ́kù nínú ọgbà ló ti kírun, ó kọjú sí gábàsì kan náà, ó sì padà wọlé, ó ní kí wọ́n wá àga fún òun.

Nígbà tó padà dé, nǹkan tó rí ya òun gan-an lẹ́nu. Alhaji Muhammad Awwal ti bọ́ agbádá, ó wà nínú síńgílẹ́ẹ̀tì, ó ń ru omi. Ó ti tó ogún ọdún tó ti gbé korobá kẹ́yìn, ó ń da ìdajì rẹ̀ sí bàtà. Saeedah di okùn ìwọ̀n mú lápá kan, Àbdùlgàfárù di ìkejì mú.

"Hajiya, kí n dí ojú ọfà tó ṣẹ́kù pátápátá?" ni Àbdùlgàfárù bi í.

"Fi sílẹ̀ bó ṣe wà. Fèrèsé kẹta ni kí o ṣí. Ooru ń mú mi. Atẹ́gùn ò lẹ́sìn."

Wọ́n mọ ọ́n títí mògàríbì. Kò rí rogodo bíi ti tẹ́lẹ̀. Ó ga díẹ̀, ó ṣe tóóró, bí èyí tí bàbá Àbdùlgàfárù máa ń fi amọ̀ mọ. Kò sí àyè láti rẹ́ ẹ, ká tó sọ pé wọ́n á kùn ún.

Bó ṣe wà nìyẹn ní Jímọ̀, tí ogójì àáfà wọlé pẹ̀lú láwàní títàn yanranyanran, tí wọ́n bá míhúráábù tútù tó ń run símẹ́ńtì nínú ilé tí ohun gbogbo ti ń dán. Wọ́n ń wo ara wọn. Àbdùlgàfárù dúró tì í nínú búbá tó mọ́. Ó jẹ́rìí. Ó dárúkọ odò Asà, ó dárúkọ kànga. Ó ní olówó ilé fúnra rẹ̀ ló ru omi, wọ́n rẹ́rìn-ín. Ó wá sọ ibi tí àwòrán tàkọ́kọ́ ti wá, ẹ̀rín tán. Ó sọ gbogbo rẹ̀, látorí ìlà-oòrùn dórí ojú ọfà, títí dórí bó ṣe fẹ́ fi pamọ́. Ogójì ẹnu ló là lẹ́ẹ̀kan náà. Tẹ̀sùbáà já bọ́ lọ́wọ́ ẹnì kan, kò bẹ̀rẹ̀ mú un. Àáfà kan tó jókòó lójú fèrèsé ń fi ìka ka ilé ìṣọ́ lábẹ́lẹ̀, ó kà á dé méjìlá, ó tún un kà.

Àáfà àgbà tó ṣáájú wọn yíjú sí Hajiya Hadiza láti mọ ohun tí yóò wí. Kò rí i níbi tó jókòó sí. Ìyá àgbà ti gba àárín wọn kọjá pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀, Saeedah fẹ́ tẹ́ ẹní fún un níwájú kòrò, ó fi ọ̀pá tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó kírun ráká méjì lórí ilẹ̀ lásán, níbi tí símẹ́ńtì tó já bọ́ lára ògiri tútù náà wà. Ó pẹ́ nínú ìforíkanlẹ̀ kejì, ó pẹ́ débi tí Alhaji fi bẹ̀rẹ̀ sí í sún mọ́ ọn.

Nígbà tó dìde, símẹ́ńtì ti lẹ̀ mọ́ ọn níwájú orí, róbótó, ó funfun eérú. Alhaji yára fa áńkáṣíìfù yọ láti nù ún.

Ó gbá ọwọ́ rẹ̀ dànù. "Fi í sílẹ̀ o jàre. Iṣẹ́ Àbdùlgàfárù ni."